Ọjọ́ Tí Mo Pe Èrò fún Bàálù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, èyí tí ìyàwó mi ní mo ti gbàgbé tipẹ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ dé pápákọ̀ òfurufú. Kì í ṣe pé ó wù mí láti fò o. Èmi tí ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n lórí àkàbà tí mo fi ń ká máńgòrò, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lókè ọ̀run? Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi débẹ̀.

Fúnmi, àkọ́bí wa obìnrin, ló bímọ sí Èkó. Ọmọ tí a ti ń retí láti ìgbà tó ti relé ọkọ ni, tí a ti gbààwẹ̀ lé lórí títí ikùn wa fi mọ̀ ọ́n lára. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyàwó mi ti ṣíwájú lọ wẹ̀ ẹ́, ó wá ku èmi nìkan nílé wa ní Kábà. Àwọn àna wa, ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń gbé Èkó, sọ pé gbogbo òbí àgbà ni yóò fún ọmọ lórúkọ, kálukú lẹ́nu ara rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Tèmi ti wà nílẹ̀: Ìbídàpọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn tó, ìbí tiwa àti ìbí tiwọn ti dàpọ̀. Mo ti ń pè é fún ara mi nínú balùwẹ̀, mo ń wo bí yóò ṣe dún. Fúnmi sì pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá mi, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ rí i pé ẹ dé. Mo ti dúró de ọjọ́ yìí pẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní bí mo bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, màá dé.

Ọkọ rẹ̀ ní kí n má fẹsẹ̀ rìn. Ó ní ọ̀nà kò dára mọ́, àwọn ajínigbé wà nínú igbó, pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi láti Àbújá, àti pé kí ènìyàn tó jẹ ẹ̀pà tán nínú bàálù, ó ti dé Èkó.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó máa bá ìtàn lọ. Gíréèjì ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Kábà, èmi ni mo ń pe èrò, ibẹ̀ ni irun orí mi ti funfun. "Lọ́kọ́ja, ó ku ẹnì kan, ó ti ń lọ o." Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi, á sáré títí bàtà rẹ̀ kan á fi já sílẹ̀. Ìgbà tó bá wọlé jókòó tán ló máa rí i pé awakọ̀ ń fọ ẹsẹ̀ lábẹ́ igi. Àwọn tó sì bá nínú ọkọ̀, ọmọ ilé ni púpọ̀ nínú wọn. Àwa la gbé wọn jókòó síbẹ̀, kí mọ́tò lè dàbí èyí tó fẹ́ẹ̀ kún. Bí èrò gidi bá ti ń wọlé, wọn á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á ní òun fẹ́ tọ̀, ọ̀kan á ní òun gbàgbé fìlà òun sílé. Kò sí gíréèjì tí wọn kì í ti í ṣe é, ẹ má wò mí báyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ta irú ọjà yẹn fún ènìyàn, kì í rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ọ̀sán ni mo dé pápákọ̀ ní Àbújá, ìrọ̀lẹ́ ni bàálù yóò gbéra, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ìsọmọlórúkọ. Ibi tí wọ́n ti gba ẹrù lọ́wọ́ mi ni ara ti kọ́kọ́ ń fu mí. Lọ́dọ̀ tiwa, èrò mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà, ó lè jẹ́ abẹ́ ìjókòó, ó lè jẹ́ orí itan rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gbé àpò mi, tó ní oyin àti iṣu nínú, sórí nǹkan kan tó ń rìn fúnra rẹ̀, àpò mi sì wọ ihò kan lọ.

Mo bi ọmọbìnrin tó gba tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ọmọ Ìlọrin ni, ó wọ aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run, ó so gèlè kékeré kan mọ́ ọrùn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Mo ní, "Ọmọ mi, níbo ni ẹrù mi lọ?"

Ó ní, "Ẹ ó bá a ní Èkó, Bàbá."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ jókòó. Mo wo ihò náà dáadáa kí n tó lọ. Ẹni tí kò dáhùn ìbéèrè tó sì ń rẹ́rìn-ín, mo mọ irú wọn.

A jókòó nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, bàálù kò bọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lókè á hó bí epo tí a da omi sí, ẹnì kan á wá máa sọ òyìnbó nínú rẹ̀ bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa máa ń rí he níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni "wẹ́dà". Á sọ ọ́ tán, á dákẹ́, àwa á máa wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tó jáde wá sọ pé ẹ má bínú, tàbí pé ẹ lọ jẹun, tàbí pé ìgbà báyìí la ó lọ.

Mo tún padà lọ bá ọmọ Ìlọrin. Ó ní, "Kùrukùru ọyẹ́ ni, Bàbá. Awakọ̀ ò ní rí iwájú."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Lọ́ọ̀ọ́kán, ní òdìkejì pápá, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi igi họ ẹ̀yìn. Mo fi hàn án. Mo ní bí èmi tí mo ń lo gíláàsì bá rí ẹni tó ń họ ẹ̀yìn, kí ni awakọ̀ kò ní rí? Ọyẹ́ ni, ẹni tó bá ti Kábà wá kọ́ la ń kọ́ ní ọyẹ́. Ọyẹ́ tiwa máa ń la ètè ènìyàn, ewúrẹ́ á máa wúkọ́ bí àgbà, kò sì dá mọ́tò Lọ́kọ́ja dúró rí.

Ó ní, "Kì í ṣe níbí, Bàbá. Èkó ni kò ti dára."

Ẹ rí nǹkan. Nígbà tí mo ní kò sí níbí, ó gbé e lọ sí Èkó, níbi tí ojú mi kò dé. Mo pe Fúnmi lórí fóònù, mo ní kó wo ìta wò bóyá ọyẹ́ wà. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ o. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, àwọn ìyá mi ò jẹ́ kí n ṣí fèrèsé." Ó tún ní, "Ẹ máa bọ̀, ṣé?" Mo ní mò ń bọ̀.

Ìgbà náà ni mo wá fara balẹ̀ wo gbọ̀ngàn yẹn bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Àwọn ìjókòó tó ṣófo pọ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìwé ìròyìn bo ojú, kò gbé báàgì kankan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó. Èkó lẹ ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹrù yín ńkọ́?"

"Mi ò gbé ẹrù. Ọ̀la ni mo máa padà."

Inú mi dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń lọ Èkó lọ́wọ́ òfo, tí yóò sì padà lọ́la? Ó hàn gbangba pé wọ́n gbé e jókòó ni. Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀, torí iṣẹ́ ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́ tó rọrùn, ìdí máa ń kú ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó wò mí, ó tún gbé e bo ojú.

Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi kedere. Bàálù kò tíì kún ni, kò sí ọyẹ́ kankan. Ìtìjú ló sì ń ṣe wọ́n, wọn kò fẹ́ sọ ọ́, wọ́n wá ń fi wẹ́dà bojú. Bẹ́ẹ̀, ìsọmọlórúkọ kò ní dúró dè mí. Mo ní dípò tí màá fi jókòó kí n máa bínú, kí ló dé tí n kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́? Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi kọ́ mi níṣẹ́.

Mo dìde. Mo na agbádá mi dáadáa. Àwọn èrò ọkọ̀ mìíràn pọ̀ ní apá kejì gbọ̀ngàn, mo rìn débẹ̀, mo fi ọwọ́ kan gbá etí mú, mo sì jẹ́ kí ohùn jáde. "Èkó, Èkó, Èkó. Èkó tààrà, a ò ní yà níbì kankan. Ó ku ẹnì kan, ó ti ń lọ o."

Gbogbo ibẹ̀ yíjú sí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti pe èrò gbẹ̀yìn, inú mi sì dùn pé ohùn náà ṣì wà. Obìnrin kan yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò mi. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí ìjókòó iwájú wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ṣé ẹ máa já mi sílẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ wọlé ná, a máa bá awakọ̀ sọ ọ́."

Kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, síkiọ́rítì kan ti dúró lẹ́yìn mi. Ọmọ Hausa ni, ẹni jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le ní apá mi. Ó ní, "Sànnu, Bàbá. Kí lẹ ń tà?"

Mo ní ìjókòó bàálù ni.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan. Wọ́n yẹ àpò agbádá mi wò, wọ́n bá orógbó, wọ́n bá pákò, wọ́n bá fọ́tò Fúnmi nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, iṣẹ́ kan náà ni èmi àti wọn ń ṣe, àánú wọn ló ṣe mí. Ọmọ Ìlọrin ló wá gbà mí sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó ní èrò àwọn ni mí, pé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó ku ẹnì kan? Bàálù wa ti kún látàná."

"Bó bá ti kún, kí la wá ń dúró dè?"

"Wẹ́dà ni, Bàbá."

A tún padà sídìí wẹ́dà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ òkè yẹn tún hó. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà kan. Èmi jókòó. Ọmọ Ìlọrin tọ̀ mí wá fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá, wọ́n ti ń pè yín. Ìpè ìkẹyìn ni o."

Ìpè ìkẹyìn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Èmi tí mo ti pe ìpè ìkẹyìn, tí mo tún jẹ ẹ̀bà, tí mo ta ayò lẹ́yìn rẹ̀, tí mo tún wá pe ìpè ìkẹyìn mìíràn. Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni oníwèé ìròyìn ti dìde. Ó yán, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gíréèjì, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí a gbé jókòó bá ti ń dìde, mọ́tò kò tíì ṣe tán rárá. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó kí awakọ̀ fún mi, kó sọ pé mo ti gbọ́. Mo lọ tọ̀. Mo ra tíì, mo ra mẹ́típáì kan tó le bí èèpo igi, mo fara balẹ̀ jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn ti tì. Mo wo ojú dígí, mo rí ìrù bàálù tó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo sọ fún síkiọ́rítì yẹn pé, "Ẹ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró." Báyẹn la ṣe máa ń dá mọ́tò dúró ní Kábà, ènìyàn á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lára, awakọ̀ á sì tẹ bíréèkì. Síkiọ́rítì náà kàn ń wò mí ni, kò tilẹ̀ bínú mọ́.

Mo jókòó. Ojú tì mí. Gbogbo ọgbọ́n mi kò tó nǹkan kan mọ́. Mo ń wo fóònù, n kò lè pe Fúnmi. Kí ni màá sọ fún un? Pé bàbá rẹ̀ ń jẹ mẹ́típáì?

Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa kí ariwo tó sọ ní ẹnu ọ̀nà kejì. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń bú ilé iṣẹ́ bàálù. Ta ni mo rí níwájú wọn? Oníwèé ìròyìn ni. Mo dìde fùú. Ara mi tún yá. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ti sọ̀kalẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, a ti fẹ́ẹ̀ dé Èkó. Wọ́n ní kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, pé ká padà. Ẹ̀mí wa la gbà padà yìí o."

Mo ní, "Àwọn awakọ̀ tiwa náà máa ń sọ pé àwọn ti dé Ọ̀bàjànà, nígbà tí wọn kò tíì kúrò ní gíréèjì." Ó mi orí, ó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sunkún, ó ń gbọ̀n, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn mìíràn sì ń bì. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá wẹ́dà wà lóòótọ́.

Wọ́n ní ká padà wá ní ìdájí. Padà láti ibo? Ohun tí ojú mi rí lórí ìjókòó irin yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Oníwèé ìròyìn fún mi ní ìwé ìròyìn rẹ̀ kí n fi bo ara, mo gbà á, mo sì kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ti dé ọ̀dọ̀ wa náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń họ ẹ̀yìn ní òdìkejì pápá, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti pinnu. Lọ́tẹ̀ yìí, bàálù kò ní fi mí sílẹ̀. Mo lọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà yẹn, mo dúró gbagidi. N kò jẹun, n kò tọ̀, n kò yẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin dé, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn bí àwa náà. Ó ní, "Bàbá, a ò tíì lè gbéra. Ẹ lọ jókòó."

Mo ní mo jókòó lánàá.

Ọjọ́ ń lọ. Mo mọ̀ nínú ara mi pé wọ́n ti ń kó jọ ní Èkó. Mo ń fojú inú rí Fúnmi nínú aṣọ funfun, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọkàn mi gbọgbẹ́, n kò ní purọ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Ìyàwó mi ni. Ohùn rẹ̀ ń já, mo ṣáà gbọ́ "pásítọ̀", mo gbọ́ "gbogbo ènìyàn ń gbọ́ yín". Àṣé wọ́n ti ronú jinlẹ̀, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí bàálù kò jẹ́ kí n dé, kí n sọ ọmọ lórúkọ lórí fóònù. Inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Ìlọrin sáré sọ fún mi pé, "Bàbá, fóònù kì í gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yìí. Ẹ lọ síbi fèrèsé yẹn, á dáa."

Mo wo fèrèsé. Ó jìnnà díẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo wá wo òun náà. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Bí a bá fẹ́ gba ìjókòó iwájú lọ́wọ́ èrò ní gíréèjì wa, a máa ń ní kó sọ̀kalẹ̀ wá wo táyà. Mo ní, "Ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn."

Ohùn pásítọ̀ já wọlé, "Bàbá... àna wa... orúkọ." Mo gbé ohùn sókè, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ mi. Mo ní Ìbídàpọ̀ ni mo sọ ọ́, ìbí wa àti ìbí yín ti dàpọ̀, kò ní tú láéláé. Fóònù hó, ó dákẹ́. Nígbà tó padà, mo gbọ́, "Bàbá, ẹ... ẹ pe..." Ó dún létí mi bíi "ẹ pẹ̀lẹ́". Mo ní háà, àna gidi, wọ́n ń kí mi fún ìdúró. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí inú ènìyàn bá dùn jù, ìkíni ilé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, okun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun la fi ń kí ẹni tó ti oko dé, òun náà la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ní, "Okun o. Okun, ẹ̀yin àna mi."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan bèèrè lọ́hùn-ún pé, "Okun?"

Orí mi wú. Wọ́n ń dá mi lóhùn ní èdè mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Okun, okun gan-an o."

Gbogbo wọn ké "Àmín", ó rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló kú pátápátá. Mo nu ojú. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé mo ti sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ, oníwèé ìròyìn bọ̀ mí lọ́wọ́, ọmọ Ìlọrin sì ní Ọlọ́run á dá a sí.

Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, bàálù gbéra. N kò ní sọ fún yín ohun tí mo di mú nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé Èkó, ọkọ Fúnmi wá gbé mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá Òkun, ẹ káàbọ̀." Ó wú mi lórí. Mo ní okun o. A délé, bàbá rẹ̀ jáde, ó dì mọ́ mi, òun náà ní, "Bàbá Òkun." Mo ní okun o, àna mi. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí mọyì ènìyàn, wọ́n ti lọ kọ́ ìkíni wa nítorí mi.

Mo ní kí wọ́n gbé Ìbídàpọ̀ wá kí n rí i.

Ìyàwó mi yọrí láti yàrá. Ó ní, "Òkun ti sùn."

"Ta ló sùn?"

Ó ní, "Ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ. Òkun. A ní kí ẹ tún orúkọ pè nítorí a ò gbọ́, ẹ ní Òkun ni. A tún bèèrè, ẹ ní Òkun gan-an. Pásítọ̀ ti wàásù lé e lórí, ó ní ọlá rẹ̀ kò ní gbẹ bí òkun."

Àṣé ìkíni mi ni wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá ń gbé Èkó, òkun kan ṣoṣo ló mọ̀, èyí tó ń hó lẹ́yìn ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí. Mo fura. Mo ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọn kò fẹ́ kí ìbí wa dàpọ̀ mọ́ tiwọn. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ níwájú àna mi, tí ì bá bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe, ni Fúnmi bá fọwọ́ kàn mí, ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí. Ẹnì kan ti gba ohùn náà sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun kan tó ń hó bí epo tí a da omi sí. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ènìyàn lè rí he, ọ̀rọ̀ náà ni okun.

Mo jókòó. Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ó ní, "Bàbá mi, ó dára bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi Ìbídàpọ̀ kún orúkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, àmọ́ èmi fi abọ́ ọbẹ̀ mu ún. Ká ní mo rìn dé ibi fèrèsé yẹn péré, ká ní mo gba ọmọ ọlọ́mọ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ tó wù mí ni ọmọ ọmọ mi ì bá jẹ́. Ilé iṣẹ́ bàálù kò mọ ọ̀rọ̀ sọ lóòótọ́. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n gbọ́.

Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri báyìí. Wọ́n gbé e wá sí Kábà lọ́dún Àjíǹde, mo sì fà á lọ́wọ́ jáde kí ó rí ìlú. Obìnrin tó ń gbá ẹnu ọ̀nà kí wa, "Okun o." Ó ní, "Ẹ̀n." Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ní, "Okun." Ó ní, "Ẹ̀n, ẹ káàsán." Títí a fi dé ọjà, kò sí ẹni tí kò pè é, kò sì sí ẹni tí kò dá lóhùn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló sọ orúkọ mi fún gbogbo wọn?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní èmi ni. Mo ní pápákọ̀ òfurufú ni mo dúró sí tí mo fi ariwo pè é, gbogbo ayé sì gbọ́. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kò fura rárá, a sì jọ rẹ́rìn-ín délé.